Ìrántí Tí A Rà, Ara Tí Kò Gbà Á

Ìbéèrè méjì ni iṣẹ́ yìí fẹ́ yẹ̀ wò. Èkíní ni pé, nígbà tí ohun tuntun bá wọ inú ohun àtijọ́ tí ohun gbogbo sì dẹnu kọlẹ̀, ọrùn ta ni ẹ̀bi wà? Èkejì ni pé, kí ni ìrántí jẹ́ gan-an: ṣé ẹrù ni, tí ènìyàn lè rà lọ́jà kí ó sì gbé e láti ara kan sí òmíràn, àbí àjọṣe ni, tí kì í sí níbi tí ẹni tí ń pè àti ẹni tí ń jẹ́ kò bá ti gbọ́ ohùn ara wọn? Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn amòye ti ń bá ìbéèrè méjèèjì yí, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí wọ́n ti pàdé ara wọn lórí tábìlì tí ojú lè tó wọn, ìyẹn ni ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí wọ́n bá fi ìrántí kún ìrántí ẹ̀rọ kan tí ẹ̀rọ náà sì kọ̀ láti jí.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó dé ìlú méjèèjì yìí láti nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún 20 ni wọ́n ń pè ní tòkunbọ̀, orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun kí àwọn òbí rẹ̀ tó gbé e wálé. Orúkọ náà jinlẹ̀ ju bí àwọn tí ń pè é lójoojúmọ́ ti rò lọ, nítorí ẹni tó bá ti òkun bọ̀ ti gbé ayé kan rí, ó sì gbé àmì ayé náà wọ inú ayé mìíràn tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti lò fún ọdún mélòó kan ní ọ́fíìsì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì á wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí èbúté Àpápá, á dé ọjà kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, kí ó tó gba Kẹtu àti Máìlì 12 lọ sí Ìkòròdú, tàbí kí ó gba Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹgbẹ́ Basel Action Network, tí ń ṣọ́ bí àwọn orílẹ̀-èdè olówó ṣe ń da ìdọ̀tí olóró sí ilẹ̀ ẹlòmíràn, gbé ìròyìn jáde nípa Èkó ní 2005, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí ń wọlé lórúkọ pé wọ́n ṣì wúlò ni kò ṣeé tún ṣe mọ́. Àwọn tó ṣeé tún ṣe ni àwọn ẹnjiníà gbà tọ́jú, tí wọ́n ń yọ ẹ̀yà lára òkú ẹ̀rọ láti fi jí èyí tó kù díẹ̀ kó kú. Ní Ìkòròdú, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga pólì ti ìpínlẹ̀ Èkó ti di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 2022, ẹni tó bá mọ ohun tí ojú akẹ́kọ̀ọ́ ń rí kí owó kọ̀ǹpútà tó pé kò ní fojú kéré irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yà tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí níbí ni èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní RAM. Pátákó pẹlẹbẹ ni, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 13 nínú àwọn kọ̀ǹpútà ìgbà náà, tí àwọn chip dúdú tò sí ara rẹ̀, tí eyín wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wúrà sì tò sí etí rẹ̀ kan. Eyín wọ̀nyí ni wọ́n ń kì bọ ihò tó wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe lọ́wọ́ ni RAM ń dì mú, bí iná bá sì lọ, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á pòórá. Háàdì dísìkì ló ń tọ́jú ohun tí wọ́n fẹ́ bá nílẹ̀ lọ́la. Àwọn tó kéwú ní Ẹ̀pẹ́, ìlú tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tó bá ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó dé ibẹ̀, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí, nítorí wàláà ti kọ́ wọn. Wàláà ni pátákó igi tí ọmọ kéwú ń fi tàdáwà kọ ẹsẹ Kùránì sí, tí wọ́n sì ń fi omi fọ̀ nígbà tí ọmọ náà bá ti há ẹsẹ ọ̀hún sórí, kí èyí tó kàn lè rí àyè. Wàláà tí wọ́n fọ̀ kò gbàgbé ohunkóhun, nítorí òun kọ́ ló ń rántí. Ẹni tó bá sì ra wàláà fífẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ti ra àyè tí ọmọ náà á fi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì ra Kùránì sí i lórí.

Ohun tó tún yẹ kí ó ya ènìyàn lẹ́nu ni pé gbígbàgbé ni ìwà RAM láti inú wá. Robert Dennard, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, ló ronú kan irú èyí tí ayé ń lò títí di òní ní 1966, tí ìjọba sì fún un ní ìwé ẹ̀rí olùdásílẹ̀ ní 1968. Ìlànà rẹ̀ ni pé kòtò kékeré kan tí ojú kò lè rí á gba iná mànàmáná díẹ̀ sínú. Kòtò tó bá kún ni wọ́n ń kà sí 1, èyí tó bá ṣófo ni wọ́n ń kà sí 0. Ṣùgbọ́n kòtò náà ń jò. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ á gbẹ kíákíá, nítorí náà ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa padà sọ́dọ̀ kòtò kọ̀ọ̀kan láti ka ohun tó wà níbẹ̀ kí ó sì tún un kọ. Nínú SDRAM, irú RAM tó wọ́pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà ìparí àwọn ọdún 1990, bí wọ́n bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, ọ̀nà 64 péré ni wọ́n fún ẹ̀rọ láti fi yí gbogbo kòtò ká kó tó tún bẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ pé kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, ó ti rán ara rẹ̀ létí gbogbo ohun tó mọ̀ ju ìgbà 15 lọ.

Èyí mú kí ìrántí jẹ́ iṣẹ́, kì í ṣe ìpamọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì ìdílé rí: bí kò bá sí ẹni tó ń kì í ní òwúrọ̀, níbi ìgbéyàwó àti níbi òkú àgbà, ọmọ-ọmọ kò ní bá ju orúkọ lásán lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọdún Káyókáyó rí fún àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń ṣe é lẹ́yìn Iléyá ní ìrántí bí Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé wọn kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá 1851. Ìwé ìtàn lè tọ́jú ọdún àti orúkọ. Ṣùgbọ́n bí ìran kan bá dá ọdún náà dúró, ohun tí ìran tó tẹ̀lé e á jogún ni ìròyìn, nítorí ìrántí á ti jò tán kí wọ́n tó dàgbà.

Augustine ti Hippo, ọmọ àríwá Áfíríkà tí wọ́n bí ní 354, tí yunifásítì Kátólíìkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìlárá nítòsí Ẹ̀pẹ́ ní 2015 ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, fi ìrántí wé gbọ̀ngàn ńlá nínú apá kẹwàá ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Confessions, gbọ̀ngàn tí gbogbo ohun tó bá gba ojú àti etí wọlé wà ní ìpamọ́ sí. Àkàwé gbọ̀ngàn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé kiri títí di òní láìmọ̀ pé Augustine ni, òun náà ló sì mú kí wọ́n rò pé bí gbọ̀ngàn bá ti fẹ̀ sí i, ìrántí ti pọ̀ sí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sọ ọ́ níbẹ̀ kan náà pé bí òun bá pe ohun tí òun fẹ́, òmíràn á jáde lójú ẹsẹ̀, òmíràn á fa ara rẹ̀ bí ẹni tí ń ti inú yàrá kọ́lọ́fín bọ̀, òmíràn tí òun kò sì pè á máa ti ara rẹ̀ síwájú. Nítorí náà nínú gbọ̀ngàn Augustine pàápàá, ẹni tí ń pè àti ohun tí ń jẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ibi tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti ń kùnà nígbà tí wọ́n bá fi RAM kún un gan-an nìyẹn.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà tó ní mẹgabáìtì 64 ti ń wọ́ ẹsẹ̀, olówó rẹ̀ wá ra RAM tí wọ́n kọ 256 sí lára, wọ́n kì í bọ ihò, wọ́n tan iná, síkírìnì dúdú, igbe gbọọrọ kan sì ń jáde láti inú ẹ̀rọ náà láìdáwọ́ dúró. Igbe náà ní ìtumọ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó jí, ètò kékeré kan tí ń jẹ́ BIOS, tó wà nínú chip kan lára mọ́dábọ́ọ̀dù, máa ń yẹ gbogbo ẹ̀yà wò, bí kò bá sì rí ìrántí tó lè lò, kò ní ibi tí yóò dúró sí kọ ọ̀rọ̀ kankan sójú síkírìnì, igbe nìkan ló kù fún un. Nínú BIOS irú Award, igbe gígùn tó ń tún ara rẹ̀ ké ló ń sọ pé ìrántí ló ní ìṣòro. Kọ̀ǹpútà IBM ti 1981 a máa kọ 201, bí èyí tó kù nínú ìrántí rẹ̀ bá ṣì lè gbé e débi ìkọ̀wé.

Kí igbe náà tó dákẹ́, ẹ̀bi ti rí ọrùn gbé. Wọ́n á ní ọlọ́jà ló ta òkú ọjà, tàbí wọ́n á ní ọwọ́ ẹnjiníà ló wúwo; ẹlòmíràn á sì mẹ́nu ba ayé, pé àwọn kan ni kò fẹ́ kí iṣẹ́ òun tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́bi jù ni RAM tuntun, bí wọ́n ṣe ń dá ìyàwó tuntun lẹ́bi nígbà tí ọmọ kan bá ṣàìsàn nínú agboolé tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Àwíjàre wọn jọ ọgbọ́n: kí ó tó dé, ohun gbogbo ń lọ, ó dé tán, ohun gbogbo dúró, òun ni nìyẹn. Ohun tí àwíjàre yìí fi hàn ni àsìkò. Kò tíì fi okùnfà hàn, àìmọye ìyàwó ló sì ti jìyà ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì nílẹ̀ Yorùbá.

Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀, tí wọ́n jọ kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀, gbé ìwé kan jáde ní 1986 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Knowledge, Belief and Witchcraft, nínú èyí tí wọ́n ti bá àwọn oníṣègùn Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí Yorùbá ń pè ní ìmọ̀ àti ohun tí ó ń pè ní ìgbàgbọ́. Ohun tó jáde nínú ìjíròrò wọn ni pé ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ló lè sọ pé òun mọ̀. Ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tó sì gbà ni ìgbàgbọ́, bí orúkọ náà ṣe fúnra rẹ̀ sọ, nítorí gbígbà àti gbígbọ́ ló so pọ̀. Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, 256 tí wọ́n kọ sára RAM jẹ́ ìgbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà pé ó ń ṣiṣẹ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ òun jẹ́ ìgbàgbọ́. Ìdájọ́ ẹni tó ní RAM náà ti kú jẹ́ ìgbàgbọ́ pẹ̀lú, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ le tó. Ìdánwò ló ń sọ ìgbàgbọ́ di ìmọ̀, ìdánwò àkọ́kọ́ sì ni pípadà sẹ́yìn: kí wọ́n yọ tuntun kúrò, kí wọ́n dá èyí àtijọ́ padà sí ihò tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an, kí wọ́n tan iná.

Bí ẹ̀rọ bá jí, wọ́n ti mọ̀ pé ara rẹ̀ ṣì le. Bí kò bá jí, RAM tuntun ti gba ìdáláre lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ti kúrò nílé tí àìsàn sì ṣì wà nílé. Ohun mìíràn ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ náà. Ohun mìíràn náà kò ṣọ̀wọ́n. Ìlú méjèèjì wà létí ọ̀sà, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a máa jẹ irin; eyín RAM tó ti bá ihò rẹ̀ gbé fún ọdún 10 á ti ní ìdọ̀tí tẹ́ẹ́rẹ́ lójú, títì tí wọ́n tì í díẹ̀ sì ti tó láti gé ọ̀nà iná. Nígbà ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, iná tí aṣọ ènìyàn ń kó jọ lè gba ìka ọwọ́ rẹ̀ pa chip láìjẹ́ pé olúwa rẹ̀ mọ nǹkan kan lára. Bákan náà, kọ̀ǹpútà irú ATX, tó gbòde láti ìdajì kejì àwọn ọdún 1990, ṣì ní iná 5 volt nínú nígbà tí wọ́n bá pa á ṣùgbọ́n tí wọ́n kò yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri; ẹni tó bá kì RAM bọ̀ ọ́ nírú ipò bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹni tó rò pé ó ti sùn. Kàpásítọ̀, ìyẹn àwọn agolo kékeré tí ń tọ́jú iná sí ẹ̀gbẹ́ ihò RAM, lè ti wú lórí tipẹ́ kí RAM tuntun tó dé. Ìdí nìyí tí ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń yọ wáyà pátápátá, tí ó ń fọwọ́ kan irin ara ẹ̀rọ, tí ó ń fi rọ́bà tí ọmọ ilé-ìwé fi ń pa ìkọ̀wé pẹ́ńsùlù rẹ́ nu eyín RAM jẹ́jẹ́, tí ó ń fi sípíríìtì nù ún lẹ́yìn náà, tí ó sì ń tì í bọ ihò títí etí méjèèjì á fi dún pa. Lẹ́yìn èyí, RAM kan ṣoṣo ni yóò dán wò nínú ihò kan ṣoṣo, kí ó tó gbé e lọ sí ihò tó kàn. Sùúrù yìí ni ìdájọ́ òdodo. Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan tí ẹ̀rọ sì jí ti rí ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń ṣe é, yóò sì tún dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi lọ́la.

Ìgbà mìíràn wà tí ẹ̀rọ á jí, tí gbogbo ẹ̀yà á mọ́, tí nǹkan kò sì ní tọ́ síbẹ̀. RAM tí wọ́n kọ 256 sí lára, tó sì jẹ́ 256 lóòótọ́ nínú ẹ̀rọ mìíràn, á wọlé tán, kọ̀ǹpútà á ka 128. Èyí wọ́pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo chip àṣẹ 440BX, tí Intel gbé jáde ní 1998. Irú RAM 256 kan wà tó ní chip 16, mẹ́jọ níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn. Òmíràn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kó ìwọ̀n kan náà sínú chip 8 péré, tí chip kọ̀ọ̀kan sì gbé ìlọ́po méjì. 440BX mọ bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo kòtò inú ti àkọ́kọ́. Nínú ti ìkejì, nọ́ńbà tó ní láti fi pe kòtò tán nígbà tó dé ìdajì, ìdajì tó kù sì jókòó síbẹ̀, ara rẹ̀ le, iná wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń pè é. Ọlọ́jà kò purọ́. RAM kò kú. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Síbẹ̀ 128 ti sọnù, ẹni tó bá sì ń wá ibi tó sọnù sí nínú ohun kan ṣoṣo kò ní rí i, nítorí àárín ni ó sọnù sí.

Àwọn kan á ní ìpín kọ̀ǹpútà náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ òtítọ́, bí wọ́n bá lò ó bí àwọn àgbà ṣe ń lò ó. Nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá nípa orí, èyí tí Bọ́lájí Ìdòwú ṣàlàyé fún àwọn òǹkàwé òde òní nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962, ènìyàn kúnlẹ̀ yan ìpín rẹ̀, tàbí ó kúnlẹ̀ gbà á, tàbí wọ́n yàn án mọ́ ọn, kí ó tó wọ ayé. Nọ́ńbà tí 440BX lè pè ni àyànmọ́ rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ tó ti wá, kò sí ẹnjiníà ní Ìkòròdú tàbí níbòmíràn tó lè fi kún un. Àmọ́ àyànmọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀bi. Ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ sáré kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mọ̀ pé kò ní in tó sì fi í sí ìdíje ló ní ẹjọ́ láti rò. Àwọn kọ̀ǹpútà Pentium àkọ́kọ́ tó ń lo RAM eléyín 72 ní irú àyànmọ́ bẹ́ẹ̀: ojú ọ̀nà wọn fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ti RAM kan, nítorí náà wọ́n kì í gbà á lẹ́yọ kan, àfi méjì tó jọra, bí ìbejì tí wọn kì í ra aṣọ fún ọ̀kan kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Èyí tó sì tún ṣe kàyéfì jù ni ti Windows 98, ètò tó gbajúmọ̀ lórí irú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Bí RAM bá kọjá mẹgabáìtì 512, Windows 98 lè kéde pé ìrántí kò tó. Apá kan nínú rẹ̀ tí ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì a máa fẹ ara rẹ̀ ní ìwọ̀n RAM tó bá bá nílé, á sì gba gbogbo àdírẹ́sì tí Windows yà sọ́tọ̀, títí tí àyè kò fi ní ṣẹ́ kù fún iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ló bí àìtó níbẹ̀. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ ìlà kan sínú fáìlì System.ini tó máa sọ fún apá náà ibi tí yóò dúró dé.

Ẹ̀bi tún wà tí kò ní ẹlẹ́bi rárá. Nínú RAM ti ayé àwọn kọ̀ǹpútà IBM àkọ́kọ́, chip 9 ni wọ́n sábà máa ń tò pọ̀: mẹ́jọ ló ń gbé ọ̀rọ̀, ìkẹsàn-án kò gbé ọ̀rọ̀ kankan. Ohun tí ìkẹsàn-án ń tọ́jú ni bóyá iye 1 tó wà nínú àwọn mẹ́jọ yòókù pé méjìméjì tàbí ó ku ẹyọ kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yí padà, ìkẹsàn-án kò lè sọ èyí tó yí, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́rìí pé irọ́ ti wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á sì dúró lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rúnmìlà ni Yorùbá ń pè ní ẹlẹ́rìí ìpín, ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí orí ń yan ohun tó yàn. Ó ṣe pàtàkì pé ipò ẹlẹ́rìí yìí wà nínú èrò Yorùbá, lọ́tọ̀ sí ipò ẹni tó yàn. Àwọn kan ti ṣàkíyèsí pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé, tó fi jẹ́ pé odù 256 ló lè jáde, iye kan náà tí báìtì kan lè gbà, wọ́n sì ti inú rẹ̀ sọ pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Ìṣirò náà tọ̀nà. Ìpinnu náà kò fi ọ̀wọ̀ fún Ifá, nítorí ẹ̀rọ kò mọ ohun tí 256 rẹ̀ ń sọ, babaláwo sì lo ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó mọ ohun tí 256 tirẹ̀ ń sọ fún ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀.

Ní 1978, Timothy May àti Murray Woods, òṣìṣẹ́ Intel méjì, ṣàlàyé ìdí tí kòtò inú RAM fi ń yí padà nígbà mìíràn láìsí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Èérún ohun olóró tí ń tú ìtànṣán jáde, irú uranium àti thorium, wà nínú amọ̀ tí wọ́n fi ṣe àpótí chip. Nígbà tí ọ̀kan bá tú, ó lè sọ 0 di 1. Bí wọ́n bá tún dán RAM náà wò, kò ní sí àléébù kankan. Fún ẹni tí a ti tọ́ dàgbà nínú èrò pé kò sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lásán, pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nídìí ikú àti òfò, ẹ̀kọ́ yìí le láti gbé mì. Ó ní okùnfà, kò ní ọ̀daràn.

Ó yẹ kí wọ́n gbé àtakò kan yẹ̀ wò níhìn-ín: ṣé ohun tó tọ́ ni láti kọ́ nípa ìrántí ènìyàn lára ẹ̀rọ? John Locke, amòye ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 1694, nínú ẹ̀dà kejì ìwé rẹ̀ lórí òye ènìyàn, pé ibi tí ìmọ̀lára ẹni nípa ohun tó ti ṣe sẹ́yìn bá dé ni ẹni náà dé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà tó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ti kúrò ní baba wọn. Ilé Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí baba bá gbàgbé, àwọn tó yí i ká ló ń rántí fún un: wọ́n ń kí i lórúkọ oyè rẹ̀, wọ́n ń kì í, wọ́n ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé ọmọ rẹ̀ ni èyí, wọ́n á sì tún sọ ọ́ lọ́la bí ẹni tí kò sọ ọ́ rí. Wọ́n ń padà sí kòtò tó ń jò, wọ́n ń tún un kọ. Ẹni náà kò parun nítorí pé ìrántí rẹ̀ kò fìgbà kan wà nínú agbárí rẹ̀ nìkan. Nínú ọ̀ràn yìí, ohun tí wọ́n rí lórí tábìlì ẹnjiníà fara mọ́ ilé Yorùbá ju Locke lọ.

Ìlú méjèèjì tí iṣẹ́ yìí dárúkọ pàápàá jẹ́ iṣẹ́ ìsopọ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìkòròdú sọ pé àwọn tó ti Ṣágámù wá àti àwọn tó ti Bìní wá pàdé lórí ilẹ̀ kan náà, wọ́n sì pín ipò láàárín ara wọn, tí oyè ọba wà lọ́dọ̀ àwọn ará Rẹ́mọ, tí oyè Olísà sì wà lọ́dọ̀ àwọn ará Bìní; ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ dé gbé ìrántí ààfin Èkó wọ ìlú tí kì í ṣe ti wọn, lórí ilẹ̀ tí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, fún wọn láyè. Ní oṣù Kẹsàn-án 1854 ni Kòsọ́kọ́ bá kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Ní 1862 ni ó padà sí Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ kò padà. Bí ìrántí bá jẹ́ ẹrù lásán, Èkó ni ìbá wà, níbi tí ọba wọn gbé e padà sí. Ẹ̀pẹ́ ló wà, nítorí níbẹ̀ ni àwọn tí ń pè é àti àwọn tí ń jẹ́ ẹ gbé wà, tí ìlú náà sì ṣe àyè fún Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́ láìsọ ọ̀kan di èkejì.

Nítorí náà, nígbà tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ bá kọ ìrántí tuntun, ibi tó tọ́ láti kọ́kọ́ wá ẹ̀bi sí ni ojú ìsopọ̀, ìyẹn eyín àti ihò, àti nọ́ńbà tí èkíní lè fi pe èkejì. Ẹni tó bá ti wá a níbẹ̀ tán tí kò rí i ló ní ẹ̀tọ́ láti fẹ̀sùn kan RAM, ọlọ́jà tàbí ẹnjiníà. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n má ṣe ta RAM àtijọ́ tí wọ́n yọ lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́. Kí wọ́n wé e sínú ìwé, kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀rọ àti ihò tí wọ́n ti yọ ọ́ sára rẹ̀, kí wọ́n fi ètò ìdánwò bíi Memtest86 yẹ tuntun náà wò láti alẹ́ di òwúrọ̀ lórí iná tí kò ṣẹ́jú, kí wọ́n sì jẹ́ kí oníbàárà rí iye àṣìṣe tó kọ sójú síkírìnì kí ó tó sanwó.